Agbára fún Ọjọ́ Ogbó

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Jóṣúà 14:6-14
ÀKỌ́SÓRÍ: Jóṣúà 14:11 (Ṣí Bíbélì rẹ, kí o kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta)

Ẹni ọdún 85 ni Kálẹ́bù nígbà tó dúró níwájú Jóṣúà. Ọdún 45 ti kọjá lórí ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún un. Kò tọrọ àga ìrọ̀gbọ̀kú, kò sì ní kí wọ́n fún òun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ nítorí pé òun ti dàgbà. Òkè ló tọrọ, òkè tí àwọn òmìrán ń gbé. Ó jẹ́rìí pé agbára tí òun ní lọ́mọ ogójì ọdún kò tíì fi òun sílẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ sì lè gba ohun tí Ọlọ́run ṣèlérí fún un.

Àyànfẹ́, a fẹ́ràn àdúrà ẹ̀mí gígùn. Bí wọ́n bá gbà á fún wa lọ́jọ́ ìbí, àmín wa a máa mi ilé. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ o ti bi ara rẹ rí pé, irú ara wo ni n ó fi lo ọdún tí mò ń tọrọ yìí?

Iṣan ni Ọlọ́run fi bo egungun wa. Òun la fi ń dìde, òun la fi ń gbé omi, òun la fi ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Láti nǹkan bí ọdún 30 sí 40 ló ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 60, ó ń yára sí i. Ní 1989, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Irwin Rosenberg, fún un lórúkọ: sarcopenia. O lè máà mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n o mọ ìrísí rẹ̀. Bàbá tí kò lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ara rẹ̀. Màmá tí kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́. Àgbàlagbà tó ṣubú nínú ilé tó mọ̀ bí ẹní mowó, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ. Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ mú ìyá mi wá láti abúlé. Obìnrin tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tí ń ru ẹrù lọ sọ́jà ni Màmá. Mo fi wọ́n sí yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ra tẹlifíṣọ̀n, mo gba ọmọ ọ̀dọ̀. Bí wọ́n bá mú ìgbálẹ̀, a ó gbà á: "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." A rò pé ìtọ́jú nìyẹn. Ìdájí la ń jáde, òru la ń wọlé. Màmá ń dá jẹun: ẹ̀kọ díẹ̀, ọbẹ̀ díẹ̀, wọn a sì fi ẹja sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Kí ọdún méjì tó pé, wọn kò lè dìde àfi bí ẹnìkan bá fà wọ́n.

Ọ̀tá ni mo kọ́kọ́ nàka sí. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan nínú ìjọ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: "Kí ni Màmá ń jẹ? Ta ni wọ́n ń bá jẹun? Níbo ni wọ́n ń rìn lọ?" N kò rí ọ̀kan dáhùn. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n mò ń lé ẹni tí kò sí nínú ilé, mo sì pa ẹni tó wà nínú ilé tì.

Iṣan tí a kò lò kì í dúró. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 10 péré. Ẹran ẹsẹ̀ wọn dín kù ní nǹkan bíi kílò kan. Ẹ̀kọ àti àmàlà nìkan kò sì lè tún iṣan kọ́. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹran, wàrà àti sóyà ni ohun èlò rẹ̀. Ẹni tó dá wà, kì í wù ú láti se oúnjẹ, kò sì rí ibi lọ. Ọ̀fọ̀, eyín tó ti ká, owó ìfẹ̀yìntì tí kò tètè dé, ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá Màmá rìn: gbogbo rẹ̀ ń jẹ iṣan.

Ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-6. Nígbà tí wọ́n gbójú fo àwọn opó nínú ìpín oúnjẹ, àwọn àpọ́sítélì kò ní kí àwọn opó lọ gbàdúrà sí i. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ láti bójú tó o. Àwọn àgbà wa náà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tó ń fún ni lọ́mú kò lè wà lókèèrè.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé kò tíì pẹ́ jù. Ní 1990, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn arúgbó bí ẹni 90 ọdún, tí wọ́n ń gbé nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, fi ẹsẹ̀ gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbà wá nímọ̀ràn pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe eré ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán, ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá ti dàgbà, má fi gbogbo ọjọ́ jókòó. Dìde lórí àga, tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, di ògiri mú. Jẹ ẹja rẹ. Bí o bá ní àtọ̀gbẹ, àìsàn kíndìnrín tàbí ọkàn, bá dókítà sọ̀rọ̀ kí o tó yí oúnjẹ padà, kí o tó gbààwẹ̀ tàbí kí o tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Bí ó bá jẹ́ pé òjijì ni apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ẹnu wọ́, ilé ìwòsàn ni kí o sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Bí o bá ní òbí, má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bá wọn jẹun, bá wọn rìn. Bí o bá jẹ́ ọ̀dọ́, ìsinsìnyí ni o ń kọ́ ara tí o ó fi darúgbó.

A bẹ̀rẹ̀ sí í bá Màmá jẹun. Ẹyin wọ oúnjẹ wọn. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ wọn padà. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, wọ́n rìn dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn. Kì í ṣe ogun Kálẹ́bù, ṣùgbọ́n òkè tiwọn nìyẹn. Ìwọ náà yóò gun tìrẹ, ní orúkọ Jésù.

IṢẸ́ ÒNÍ: Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ kí àgbàlagbà kan tó ń dá gbé. Mú oúnjẹ dání, kí ẹ jọ jẹ ẹ́.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti pa òbí mi tì, tí mo sì ń pè é ní ìtọ́jú.
2. Olúwa, fún mi ní ọgbọ́n láti tọ́jú ara tí O fi fún mi.
3. Baba, má jẹ́ kí àgbàlagbà kankan nínú ìjọ wa dá wà lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.