Orí, Ẹsẹ̀ àti Olùkọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Gbọ̀ngàn CBT, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò JAMB, ní Port Harcourt kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwà. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì, ó tán. Oníkánjú ń tẹ máòsì kíkankíkan, oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ ń ka ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹta. Aago kan náà ló ń sáré lójú àwọn méjèèjì. Ọdún 2015 ni JAMB ti pa bébà tì.

Oríṣi kọ̀ǹpútà mìíràn ti dé o. Èyí kì í dánni wò lásán, ó ń kọ́ni. Ó ń ṣọ́ ibi tí ọmọ ti kọsẹ̀, àti ìgbà tó kàn ń tẹ èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà. Àwọn kan tó ń ṣe é fẹ́ kó mọ ìṣesí ọmọ pẹ̀lú: ṣé onítìjú ni, ṣé nǹkan tètè ń sú u, ṣé ó lè tọpa ọ̀rọ̀ dé ìdí? Ẹ̀kọ́ yóò wá máa yí padà bó bá ti mọ̀ ọ́n sí. Ṣé orí ọmọ ni ẹ̀rọ náà wá rí ni, àbí ìwà rẹ̀?

Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí ni ẹ̀dá ti yan orí, kì í sì í ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1982, jẹ́ kó hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí rere nìkan ò tó. Ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá ẹni, ló ń gbé orí débi tó ń lọ. Ìwà ní tirẹ̀ ṣeé tún ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, kí ni òbí ń bá ọmọ wí sí?

Wọ́n ti dán olùkọ́ inú kọ̀ǹpútà wò. Ní Benin City, Báńkì Àgbáyé àti Ìpínlẹ̀ Ẹdó fi ẹ̀rọ tó ń bánisọ̀rọ̀, Microsoft Copilot, kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Okúdù àti Agẹmọ 2024. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ilé-ìwé ni. Olùkọ́ sì dúró tì wọ́n. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí nínú ètò náà. Àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ jèrè ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ìyẹn ní orí. Àmọ́ bí ọmọ bá ṣe ń wá tó ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ tó, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wá.

Ẹ̀rọ tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kan ò lè ronú jìnnà, iṣẹ́ kéékèèké ni yóò máa gbé fún un, títí ọmọ náà yóò fi gbà pé bí Àjàlá ṣe mọ òun nìyẹn. Kò sì ní mọ ohun tó dá ọmọ dúró. Ní Benin City, àgbàrá òjò, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ àti iṣẹ́ òòjọ́ dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti wá. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé Port Harcourt tí òjò kì í mọ̀wọ̀n, gbogbo rẹ̀ yóò di àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: kò wá. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ, tó ń ta ẹja ní Creek Road, mọ̀ pé òun lòun rán an níṣẹ́ lọ́jọ́ náà.