Èèrà Tí A Fi Sùúrù Pa: Lórí Yíya Àwòrán Ojú Èèyàn

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ tí mo mọ̀ tí òwe yìí bá mu tó yíya àwòrán ojú èèyàn. Igi, òkè, ilé àti ọkọ̀ ojú omi, bí ẹ bá ṣì wọ́n yà díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi yín léèrè. Ẹ wá ya ojú ìyá ẹnìkan, kí ẹ fi ìwọ̀n èékánná kan gbé imú kúrò láàyè rẹ̀, ọmọ ìyá náà á dúró síwájú àwòrán, á ní, "Ó jọ wọ́n o, àmọ́ àwọn kọ́ nìyí." Ó lè má mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ó ṣáà mọ̀ pé ìyá òun kọ́.

Àìnísùúrù ló sábà ń fa èyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí ni ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ẹni tó jókòó níwájú wọn pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ẹyinjú ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà. Wọn á ya irun ìpéǹpéjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á máa dán, nígbà tí orí tí ẹyinjú náà yóò wà lára rẹ̀ kò tíì sí níbì kankan. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀kùn kọ́ nígbà tí kò tíì mọ ògiri ni irú wọn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀: orí ni kí a kọ́kọ́ fi èédú fà, odindi orí, pẹ̀lú ọrùn tó gbé e dúró àti èjìká tí ọrùn náà ti hù jáde.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, àárín gan-an lẹyinjú wà. Akọ́ṣẹ́ kì í fẹ́ gba èyí gbọ́, àfi tó bá fi ọ̀pá búrọ́ọ̀ṣì wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú, imú àti ẹnu ló gbà á lọ́kàn, kò ka agbárí tó wà lókè sí. Láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé irun òkè ojú, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, láti ìsàlẹ̀ imú dé àgbọ̀n, ọgbọọgba ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì gba ojú kan sí i. Etí bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀gangan irun òkè ojú, ó sì parí ní ọ̀gangan ìsàlẹ̀ imú. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá dé fìlà tàbí tó wé gèlè, ẹ kọ́kọ́ fa agbárí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Mélòó nínú àwòrán àwọn bàbá wa tó wà nínú pálọ̀ kiri ni fìlà ti gé orí wọn sọnù!

Àmọ́ kò sí ojú kan láyé tó tẹ̀lé ìwọ̀n yìí délẹ̀délẹ̀. Iwájú orí ẹlòmíràn gùn, àgbọ̀n rẹ̀ kúrú. Ojú ọ̀tún ẹlòmíràn fi díẹ̀ ga ju tòsì lọ. Ibi tí ojú èèyàn ti yà kúrò lára ìwọ̀n, ibẹ̀ gan-an la fi ń dá a mọ̀ láàárín ọjà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ìwọ̀n náà dájú: ká lè tètè rí ibi tí ẹni yìí ti kọ̀ láti bá a lọ, ká sì dúró níbẹ̀ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ló kan ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó ń da òjìji sínú ihò ojú, ó sì ń mú iwájú orí kọ mànà. Ẹ gbé àga ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà, kí ìmọ́lẹ̀ ti apá kan wá. Kí ẹ wá pa ojú yín dé díẹ̀, ẹ má pa á dé tán. Gbogbo ohun wẹ́wẹ́ á pòórá, ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn nìkan ló máa kù, bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ fi tápẹ́ńtáìnì là dáadáa kùn sórí kánfáàsì. Bí àwòrán bá ti jọ ẹni náà nígbà tí kò tíì ní ojú, tí kò tíì ní ẹnu, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kò bá tíì jọ ọ́, ẹyinjú kankan kò ní gbà á là. Ṣebí láti òkèèrè la ti ń mọ̀ pé bàbá wa ló ń bọ̀, kó tó di pé a rí imú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù lè gbé ayàwòrán dé, kó rántí Aina Onabolu. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà yíyà nílẹ̀ wa nígbà náà. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn ló ń wò, tó ń dà á kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́. Ní 1906 ló ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọdún 14 gbáko kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Láyé ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó kan ń sọ ọ́ ní gbangba pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Onabolu fi dá wọn lóhùn: ó fi Dókítà Sapara, oníṣègùn kan ní Èkó, jókòó, ó yà á. Nígbà tó padà sí Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní "Mr. Perspective".

Àwọn kan ti bú u pé àfarawé òyìnbó ló ṣe. Mi ò gbà. Orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ti pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilẹ̀, ẹ sì wo ètè wọn, ìpéǹpéjú wọn, àti ilà ọrùn wọn. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, ère àkó tí wọ́n ń gbẹ́ fún òkú ọlọ́lá gbọ́dọ̀ jọ olóògbé náà, wọn á wọ aṣọ fún un, wọn á gbé e káàkiri ìlú. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń ṣe é kó jọ. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ère ìbejì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi jíjọ sílẹ̀ ni: orí ńlá, ojú àgbàlagbà, kódà fún ọmọ tó kú ní ìkókó. Onabolu kàn mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì ni, ó fi ọ̀dà ṣe é.

Ní ti àwọ̀ ara, mo ní ẹjọ́ tó pọ̀ láti rò. Ọmọ Yorùbá tó ń ki olólùfẹ́ rẹ̀ ní adúmáadán mọ ohun tó rí: dúdú tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ọ̀dọ́ ayàwòrán ní ẹni adúmáadán láti yà, ọ̀dà dúdú inú túùbù ni yóò tẹ̀ síta, yóò fi funfun là á, ara èèyàn á sì di eérú. Ẹ wo awọ náà fúnra rẹ̀. Iwájú orí tó kọjú sí fèrèsé ní búlúù díẹ̀ nínú, nítorí ojú ọ̀run ló ń tàn sí i. Etí tí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá á pọ́n. Abẹ́ àgbọ̀n á mú lára àwọ̀ aṣọ tí ó wọ̀; ẹni tó wọ àdìrẹ kò lè ní abẹ́ àgbọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tó wọ sányán. Burnt umber tí a pò mọ́ ultramarine ń bí òkùnkùn tó ní ẹ̀mí. A lè fi burnt sienna mú un gbóná, ká fi yellow ochre mú un rọ̀ níbi tó yẹ. Bí oníbàárà bá wá ń bẹ̀ yín pé, "Ẹ bá mi jẹ́ kó pupa díẹ̀," ẹ bẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bora lórí kánfáàsì, ojú ẹlòmíràn ló gbé wálé.

Ayàwòrán ni Ben Enwonwu náà, kò sì bó ẹnikẹ́ni. Ní 1973, nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó pàdé ọmọbìnrin kan láti ìdílé ọba, ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ kó tó yà á. Àwòrán náà ni Tutu, èyí tó sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ún. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ owó náà ṣáá. Èmi, àṣẹ tó kọ́kọ́ lọ gbà ló wù mí jù. Ojú ẹni kì í ṣe ohun tí à ń jí yà.

Lóde òní, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń wá, fún ọjọ́ ìbí tàbí ìsìnkú. Mi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n fóònù tí a gbé súnmọ́ ojú ń mú imú tóbi, ó sì ń gbé etí sá sẹ́yìn. Ẹ bèèrè fọ́tò mìíràn tí wọ́n yà láti òkèèrè. Bí ó bá jẹ́ olóògbé, ẹ bi àwọn ọmọ bí bàbá wọn ṣe máa ń jókòó, èjìká wo ló máa ń rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi ìbànújẹ́ tàbí ìwà rere tí ẹ kò rí kún ojú rẹ̀. Orí burúkú kì í wú tuulu, orí rere náà kì í sì í kọ ọ́ síwájú.

Ilà ojú ńkọ́? Àwọn kan ti yàwòrán tán kí wọ́n tó fi dúdú fa pélé sí i. Ilà kì í léfòó lórí awọ. Kòtò kékeré ni, ó tẹ̀lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yípo. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní òjìji, ẹ̀gbẹ́ kejì gba ìmọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ ni kí ẹ mọ ilà mọ́ ọn.

Ọ̀dà àkọ́kọ́ ni kó fẹ́lẹ́, kó má lépo púpọ̀. Èyí tó bá gorí rẹ̀ ni kó lépo jù ú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má kánjú fi fáníìṣì kùn ún, nítorí ọ̀dà olóróró ń gbẹ lójú kó tó gbẹ nínú: oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ọdún kan níbi tó bá ti nípọn. Bí ọjọ́ ìbí bá ti dé tán, kí oníbàárà gbé àwòrán náà lọ bẹ́ẹ̀, kó gbé e padà wá bó bá yá. Kó má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń ta sí, kó má sì gbé e súnmọ́ ilé ìdáná.