Ṣé "Mo Gbàgbé" Tó Àwíjàre?

Lọ́dún tó kọjá, mo gbàgbé ọmọ mi sí ilé ìwé.

Aago méjì ọ̀sán ló yẹ kí n lọ mú un. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti jókòó ti láptọ́ọ̀pù mi, mò ń wá bug kan tó ń jẹ́ kí owó àwọn oníbàárà wa máa yọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo rí i, inú mi dùn ṣìnkìn. Mo gbójú sókè, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Ìpè 18 ló wà lórí fóònù mi, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyàwó mi ti kúrò níbi iṣẹ́, ó ti gun ọ̀kadà láti Dùgbẹ̀ lọ sí Bódìjà. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọmọ ti sùn sí i léjìká.

Mo ní, "Má bínú, mo gbàgbé."

Ó ní, "Bug yẹn ńkọ́? Ṣé o gbàgbé ìyẹn náà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ṣì ń bá yí títí di òní. Ká ní gbogbo nǹkan ni mo ń gbàgbé, ì bá sọ pé bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ni mo máa ń gbàgbé: gáàsì, owó iná, oògùn ikọ́ ọmọ. Láàárín tiwa sì rèé, ẹni tá a fẹ́ràn la máa ń rántí. Ẹni tí kò rántí ẹ, tí kò pè ẹ́, o ti mọ ipò tó fi ẹ́ sí. Ìrántí ni ẹ̀rí ìfẹ́. Ta ni yóò wá gbà gbọ́ pé ẹni tó lè fi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ wo kóòdù ò ní àfiyèsí?

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ọpọlọ sọ fún mi pé ADHD ni. Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà náà. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé àìsàn àwọn ọmọ tó ń sá kiri kíláàsì ni. Ìwé DSM-5, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, fi àyè gba àgbàlagbà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ ti hàn kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 12. Nítorí náà, dókítà ní kí n pe ìyá mi. Màámi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ tí mo máa ń rán níyọ̀, tó máa ń padà wálé láìmú iyọ̀ wá, láìmú owó wá?"

Ẹni tó fún àìsàn yìí lórúkọ ò ṣe dáadáa, lójú tèmi. Àfiyèsí ò tán lára wa o, ẹni tó ń pín in ni kò gbọ́ràn. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tí a ń pè ní scheduler, tó ń sọ iṣẹ́ tó kàn àti ìgbà tó kàn. Tèmi, iṣẹ́ tó bá dùn jù tàbí tó bá ń pariwo jù ló máa ń fún ní gbogbo àsìkò. Ọmọ tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu géètì ilé ìwé kì í pariwo.

Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi gbé e kiri bí ìwé ìdáríjì. Àwo kún inú síǹkì, "ADHD ni." Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìyàwó mi lẹ́nu, "ADHD ni." Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ fún mi láìgbóhùn sókè pé, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún ẹ lórúkọ yìí, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ ìbínú lọ́wọ́ mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà tá a lọ gba ìmọ̀ràn. Agbaninímọ̀ràn àkọ́kọ́ jẹ́ ènìyàn rere. Ó ní ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀, ká máa jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Mo gbà tọkàntọkàn, Jímọ̀ọ̀ dé, mo gbàgbé. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí àdéhùn tuntun ti di ẹ̀rí tuntun. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gbà pé bí ènìyàn bá ti fẹ́ ṣe nǹkan dénú, yóò ṣe é. Nílé tiwa, àárín fífẹ́ àti ṣíṣe gan-an ni afárá ti já.

Ẹnì kejì mọ ohun tó ń wò. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa tí Melissa Orlov, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2010 lórí ADHD àti ìgbéyàwó: pé ọ̀kan nínú tọkọtaya máa ń di òbí, èkejì á di ọmọ. Òbí á máa ránni létí, á máa ṣọ́ni. Ọmọ á máa sá pa mọ́, á máa purọ́ kékeré. Èmi àti ìyàwó mi wo ojú ara wa. Àṣírí wa ló tú yẹn. Obìnrin náà ní kí ìyàwó mi má ṣe áláàmù fún mi mọ́, kódà bí gáàsì bá máa tán sórí ọbẹ̀. Ó sì ní kí èmi yé sọ pé "màá rántí", torí ìlérí yẹn ò sí níkàáwọ́ mi. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé mi ò ní dìde níbi tí wọ́n ti sọ nǹkan fún mi láì tíì fi áláàmù sí i.

Mo ń lo oògùn náà. Lára àwọn oògùn ADHD, Ritalin ló lókìkí jù. Leandro Panizzon ló ṣe é ní Switzerland ní 1944, orúkọ Rita ìyàwó rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. (Ọkùnrin yẹn rántí ìyàwó ẹ̀.) Èyí tí mò ń lò máa ń jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Kì í bá mi yan ohun tí n óò bẹ̀rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀dọ̀ Àjàlá, amọrí, la ti yan orí, àti pé orí mìíràn wà tí iná ò jó dénú, tí òjò ayé máa ń rọ̀ sí títí tó fi máa sán. Bí mo bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀, wọ́n ní orí nílò ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá ẹni.

Ìbínú ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé a lè bínú nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan? Èdè wa ló là mí lóye. Òyìnbó ní "sorry", ó ti tán. Àwa ní "má bínú", a sì ní "pẹ̀lẹ́". Fún ọdún mẹ́fà, "má bínú" ni mò ń sọ. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa, àṣẹ ni. Èmi tí mo ṣẹ̀ ni mò ń bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀ níṣẹ́, pé kó gbé ìbínú rẹ̀ kúrò kára lè tu èmi. "Mo gbàgbé" ni mo wá fi ń tì í lẹ́yìn. Pẹ̀lẹ́ ò bèèrè nǹkan kan. Bí àjèjì bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì, a óò kí i ní pẹ̀lẹ́, kì í ṣe pé àwa la gbé òkúta síbẹ̀.

Ẹ lè sọ pé ẹni tó ni òkúta ò gbọdọ̀ máa kí pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kọjá lọ. Òótọ́ ni. Orí mi ló gbé òkúta síbẹ̀, kò bi mí. Ṣùgbọ́n inú ilé mi ló wà, àbí ta lẹ fẹ́ kó wá gbé e? Nítorí náà, lójú mi, àlàyé ni "mo gbàgbé", kì í ṣe àwíjàre. Ìyàwó mi lè gba àlàyé náà gbọ́ pátápátá, kó sì bínú síbẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ tó kọ ń dùn ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, áláàmù owó iná dún lọ́sàn-án. Mo pa á, mo ní kí n kàn parí ohun tí mò ń ṣe. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni iná lọ, ìyàwó mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Mo ra iná lórí fóònù, mo lọ tẹ nọ́ńbà náà sínú mítà nínú òkùnkùn. Iná dé, ó ń bá aṣọ rẹ̀ lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò sọ pé kó má bínú.