Kí Ni Ọkùnrin Yẹn Jí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí kò jìnnà sí ilé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, àti ti ọmọdé tí a mú lọ wò ó ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ nìyí: bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ burúkú láàárín èrò tí gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú iyàn kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan máa ń bi wá pé ṣé ó tọ́ kí aáfà mú ọmọ lọ wo eré. Ẹ rántí hadiisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá, pé ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ará Habaṣa ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sáláṣí Mẹdina. Aiṣa, tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, fẹ́ wò ó. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dúró, ó fi ara rẹ̀ ṣe gàgá fún un, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tí Aiṣa fi wò ó tẹ́rùn. Nítorí náà, eré kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni irú ẹni tí ó dúró ti ọmọ nígbà tí ó ń wòran.

Ọmọ wa ọkùnrin pé ọmọ ọdún 7. Ní Òkèlúsè níbí, pápá tí ó mọ̀ ni ilẹ̀ iyanrìn tí ó wà lẹ́yìn ilé kéú wa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi òkúta méjì ṣe òpó góòlù. Inú rédíò ni ó ti ń gbọ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, a tún wọ òmíràn dé Àkúrẹ́. A kí ìrun Ayílà kí a tó wọlé. A ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. A kò dín ọjọ́ orí ọmọ kù lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, bí àwọn kan ti ń ṣe. Inú wa dùn sí ara wa.

Nígbà tí ọmọ náà rí koríko tútù tí wọ́n gé dọ́gba, ó di ọwọ́ wa mú. Ó ní, "Bàbá, ta ní ń gbá ibí yìí?" A rẹ́rìn-ín.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹgbẹ́ tí a wá tì lẹ́yìn gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. A gbé ọmọ wa sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di àsíá mú létí pápá ti na àsíá rẹ̀, rẹfirí sì fọn fèrè pé góòlù kò wọlé. Ìgbà náà ni ariwo sọ: "Olè! Olè! Olè!" Gbogbo èrò ọ̀dọ̀ wa dìde, àwa náà dìde. A na ìka sí ọkùnrin náà, a pè é lólè tó ìgbà mẹ́wàá.

Ọmọ wa fa jalabíà wa. Ó ní, "Bàbá, kí ni ọkùnrin yẹn jí?"

A ní, "Kò jí nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn."

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ṣé irọ́ ni ẹ wá ń pa mọ́ ọn ni?"

A kò rí èsì fọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Ẹ má bínú o, Aáfà. Ọ́fsáìdì ni." Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ẹni ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ gbá a sí i. Bí ó bá ti wà ní ìdajì pápá ti àwọn alátakò ní àkókò náà, tí ó sún mọ́ ìlà góòlù wọn ju bọ́ọ̀lù lọ, tí ó sì tún sún mọ́ ọn ju ẹni kejì sí ìkẹyìn nínú wọn lọ, góòlù kò sí. Ojú tiwa wà lára bọ́ọ̀lù. A kò wo ibi tí ẹni náà dúró sí. A pe ẹni tí ó ríran lólè nítorí pé àwa kò ríran.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀, a ń wá àwáwí. Àkọ́kọ́, a ní eré lásán ni, kò sí ẹni tí ó gbà pé rẹfirí jalè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwa ni a kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò fún mọ́ ara wọn níbi tí àwọn olólùfẹ́ Liverpool dúró sí. Lápapọ̀, ènìyàn 97 ni ó kú nítorí rẹ̀, èyí tí ó kéré jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 10. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé ìròyìn kan fi kọ ọ́ pé àwọn olùwòran kan jí nǹkan lápò àwọn tí ó kàgbákò náà. Irọ́ ni. Ó di ọdún 2016, lẹ́yìn ọdún 27, kí àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà tó sọ ní gbangba pé kì í ṣe ìwà àwọn olùwòran ni ó fa ikú náà. Ẹ ro ti ìyá tí ó sin ọmọ, tí ọ̀rọ̀ olè tún ń tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ kiri.

Èkejì, a ní gbogbo wa ni a jọ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a dé Ghana. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, Hearts of Oak àti Asante Kotoko pàdé ní Accra. Inú bí apá kan nínú àwọn olùwòran, wọ́n ń fa àga tu, wọ́n ń jù ú. Ọlọ́pàá yin tajútajú, èrò sá lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá a ní títì. Ènìyàn tí ó lé ní 120 ni ó kú. A kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ju àga jáde nílé láti lọ pa ènìyàn. Olúkúlùkù mú díẹ̀ tirẹ̀ wá, díẹ̀ náà sì pé jọ. Suratu Qaaf kọ́ wa pé olùṣọ́ wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu ọmọ ènìyàn jáde. Kò yọ ọ̀rọ̀ tí a bá sọ láàárín èrò sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí a dé, àwọn ọmọ kéú ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin kan ni ó ń fọn fèrè, ó sì ní góòlù kan kò wọlé. Ọmọ wa na ìka sí i gẹ́gẹ́ bí a ti nà án, ó ní, "Olè!" Àwọn yòókù gbè é. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ tí ó fọn fèrè kò wá sí kéú. Ìyá rẹ̀ ní ó ń sunkún, pé wọ́n ń pe òun lólè títí dé ọjà. Ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ lára ọmọ ju egbò lọ.

A mú ọmọ wa lọ sí ilé wọn lálẹ́. A kò jẹ́ kí ọmọ nìkan bẹ̀bẹ̀. A sọ fún ìyá náà pé lẹ́nu wa ni ó ti kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, àwa gan-an ni a sì wọ́ orí ọmọ. Ìyá náà dárí jì wá, ọmọ rẹ̀ sì padà sí kéú.

Ṣùgbọ́n gbèsè kan kù. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ fiki mọ̀ pé bí a bá ṣẹ ọmọnìkejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àforíjì. A kò mọ orúkọ rẹfirí náà, a kò mọ ilé rẹ̀. Àdúà ni a ń ṣe fún un lẹ́yìn ìrun, a kò sì mọ̀ bóyá ó tó.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa, ẹ mú ọmọ àti àbúrò yín lọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ́ wọn ní òfin eré náà kí ẹ tó jáde nílé. Bí rẹfirí bá ṣe ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè sọ pé, "Ó ṣì í rí," nítorí pé ènìyàn lè ṣì í rí. Olè jẹ́ ẹ̀sùn, ẹ̀sùn sì ń fẹ́ ẹ̀rí.

A ti tún mú ọmọ wa lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Rẹfirí tún fagi lé góòlù kan, ariwo olè sì tún sọ. Ọmọ wa kò wo pápá. Ojú wa ni ó ń wò. A jókòó, a pa ẹnu wa mọ́.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ẹnu wa níwájú àwọn ọmọ wa. Àmín. Wasalaam.