Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò

“Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra”: kí kálukú máa ṣe tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kosofe ní Èkó kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run. Ní ọjà Mile 12 níbẹ̀, Yorùbá àti Haúsá jọ ń ta ata àti tòmátì. Síbẹ̀, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2016 mú kí ìjọba Èkó ti ọjà náà pa. Ọjà a máa mú èèyàn pàdé, kì í fi dandan sọ wọ́n di ojúlùmọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1966, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan sílẹ̀ ní Sókótó, Warri àti Okposi, kí ọmọ ẹ̀yà gbogbo lè jọ kàwé, kí wọ́n sì jọ máa gbé. Kò sí ìfipá níbẹ̀. Òbí ló ń yàn án, ọmọ a sì ṣe ìdánwò. Máàkì ìgbàwọlé ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ti ìpínlẹ̀ kan kéré sí ti òmíràn, inú sì ń bí ọ̀pọ̀ òbí ní gúúsù, kò sì yani lẹ́nu. Aláṣẹ tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n bá tún ṣe ní Ketu tàbí Ìkòsí ní Kosofe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu àyè tí yóò jẹ́ ti ọmọ àdúgbò, àti bóyá apá alábàárù ọjà yóò ká owó ilé ẹ̀kọ́ náà.