Ta Lo Jẹ Ní Gbèsè?

Bíbélì Kíkà: Òwe 3:27-28

Olùfẹ́, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2020, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ jẹun nítorí pé ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ládùúgbò ta gàrí fún wọn láwìn.

Lónìí tówó dé, ilé ìtajà ńlá lò ń gbé e lọ. Àwìn nìkan lo ń bá dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Ríra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àánú, ẹ̀tọ́ ni. San gbèsè rẹ̀ lónìí.

Àdúrà: Baba, má jẹ́ kí n gbàgbé ẹni tó dúró tì mí lọ́jọ́ ìṣòro, ní orúkọ Jésù. Àmín.