Ṣé Ọjà Ni Iṣẹ́ Ọmọ Ènìyàn?

Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo òfin òṣìṣẹ́ láyé: ṣé ó ṣeé ṣe láti ya iṣẹ́ kúrò lára ẹni tó ń ṣe é? Ẹni tó ta iṣu á fa iṣu lé oníbàárà lọ́wọ́, á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tó ta agbára rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí agbára náà bá lọ ni ara, ìlera àti iyì rẹ̀ ń bá a lọ. Ìbéèrè yìí ló bí èkejì: ta ni òfin yóò kà sí òṣìṣẹ́? Ní Joubert Park, láàárín ìgboro Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, ìtàn ìbéèrè méjèèjì hàn ketekete.

Ẹ̀sìn ti dá sí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́ kí ìjọba tó dá sí i. Òfin Mósè nínú ìwé Deutarónómì ní kí a san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ onílùú, ì báà jẹ́ àlejò. Hàdíìsì Ànábì ní kí a san án kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ní 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀, Rerum Novarum, pé owó ọ̀yà gbọ́dọ̀ tó òṣìṣẹ́ jẹun, kódà bí ìṣẹ́ bá ti mú un gbà láti ṣiṣẹ́ ní owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn baba ńlá Yorùbá náà pa ààlà. Ìwọ̀fà ń sin ẹni tó yá a lówó, iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú: lọ́jọ́ tó bá san owó náà pé, ó ti gba ara rẹ̀. Ìyà kò ṣàì jẹ ìwọ̀fà, pàápàá ọmọdé tí òbí fi yáwó. Síbẹ̀, ìlànà náà mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ di ti olówó, oníṣẹ́ kò tíì di tirẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn àlàáfíà Versailles dá Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, sílẹ̀ ní 1919. Ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló jọ ń jókòó níbẹ̀, Gúúsù Áfíríkà sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1930, àjọ náà ṣe àdéhùn tako iṣẹ́ àfipáṣe. Ní oṣù Karùn-ún 1944, ó kéde ní Philadelphia pé iṣẹ́ kì í ṣe ọjà, àti pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí akọ yàtọ̀ sí abo.

Ohun tí àjọ náà ń wí kọ́ ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà ń ṣe nílé. Wúrà tí wọ́n rí ní 1886 ló bí Johannesburg. Nínú Joubert Park ni ilé iṣẹ́ ọnà ìlú náà wà, èyí tí Edwin Lutyens ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 1915. Florence Phillips, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn olówó ìwakùsà, ló ṣáájú ètò náà, owó wúrà ló sì ra iṣẹ́ ọnà sínú rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wa wúrà náà ń gbé nínú ọgbà àkámọ́; bí ọ̀kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn tó pé, òfin kà á sí ọ̀daràn. Òfin 1924 lórí ìjà òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ yọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìwé àṣẹ kiri kúrò nínú àwọn tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí àwọn awakùsà tó lé ní 70,000 da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1946, tí wọ́n ń béèrè ṣílè 10 lóòjọ́, ọlọ́pàá fi ipá tú wọn ká, ó kéré tán ènìyàn 9 sì kú. Ní oṣù Kejìlá 1956, ní Drill Hall tí kò jìnnà sí ọgbà Joubert Park, wọ́n kó ènìyàn 156 wá sẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Lilian Ngoyi, tó ti inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ wá, wà lára wọn.

Ọmọ Nàìjíríà kan fi ipò rẹ̀ tako ìjọba yìí. Joseph Modupe Johnson, mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni ààrẹ àpérò ILO ní 1963. Ó fi àga náà sílẹ̀ nítorí pé wọ́n gba aṣojú Gúúsù Áfíríkà láyè láti sọ̀rọ̀. Ní ọdún kejì, Gúúsù Áfíríkà kéde pé òun ń kúrò nínú àjọ náà. Ìyà fífi iṣẹ́ sílẹ̀ kò kúrò nínú òfin títí di 1974, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbógun ti èédú Gúúsù Áfíríkà tó ń wọ Alabama, pé iṣẹ́ àfipáṣe ló ti wá. Ní 1979, òfin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú wọlé. Ní 1994, orílẹ̀-èdè náà padà sínú ILO.

Láti ìgbà náà, àwọn tí òfin ń kà mọ́ òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí owó ọ̀yà tó kéré jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní 2019, Rand 20 ni fún wákàtí kan, àmọ́ Rand 15 ni ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé onílé. Ní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba. Ní 2020, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé onílé, tó kú sínú adágún ìwẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní 2012, tí ẹbí rẹ̀ kò sì rí owó gbà-máà-bínú. Ilé ẹjọ́ náà ní òfin tó yọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu. Ní 2008, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti sọ pé àlejò tí ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni òfin ìpìlẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ìdájọ́ yẹn kan Joubert Park gan-an, níbi tí ọmọ Nàìjíríà, Kóńgò àti Zimbabwe ti ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Àlejò tí Deutarónómì dárúkọ ti wọ inú òfin báyìí.

Ohun tó kù ni ti àwọn tí kò ní ọ̀gá: ayàwòrán tó ń dúró de oníbàárà nínú ọgbà, onídìrí tó gbé àga síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òfin tó ń wá agbanisíṣẹ́ kí ó tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ kò lè rí wọn. Ìmọ̀ràn tí ILO gbé jáde ní 2015 rọ àwọn ìjọba láti mú ààbò dé ọ̀dọ̀ irú wọn láìgba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ló béèrè fún èyí. Bí iṣẹ́ kò bá ṣeé yà kúrò lára oníṣẹ́, a jẹ́ pé ara ènìyàn ni ààbò gbọ́dọ̀ so mọ́, kì í ṣe ara ìwé àṣẹ tàbí orúkọ ọ̀gá.